Èsì tí Gbohùngbohùn Ṣọ́ọ̀ṣì Gbé Dé Ẹnu Ọ̀nà Alájì

Òórùn bàbà tí iná ń jó ló máa ń gbé mi padà síbẹ̀. Bí mo bá ń kọjá níbi tí àwọn tó ń tún fíríìjì ṣe ti ń jó páìpù pọ̀, tí iná búlúù yẹn ń hó jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ojú ẹsẹ̀ ni ọkàn mi á ti padà sí Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ tí mo kọ́kọ́ ní, níbi tí ògiri kan ṣoṣo ti pààlà láàárín èmi àti ilé iṣẹ́ Alájì. Fíríìjì àti fírísà ni Alájì ń tún ṣe. Òórùn bàbà tiwọn á wọlé wá bá òórùn aṣọ tí áyọ́ọ̀nù ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, tó bá sì di ọ̀sán gangan, èèyàn ò ní mọ èyí tó jẹ́ ti ta ni mọ́. Ògiri náà tinrín débi pé bí Alájì bá bẹ̀rẹ̀ ìrun ọ̀sán, èmi náà á mọ̀ pé ó tó àkókò láti jẹun. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ọdún tí mo lò níbẹ̀.

Ìwọ tí a jọ kọ́ ẹsẹ Bíbélì sórí ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, o mọ̀ pé ẹnu mi kì í pẹ́ ṣí. Èmi ni olùkọ́ wa máa ń ní kí n lọ dúró lẹ́yìn kí àwọn yòókù tó lè ráyè dáhùn ìbéèrè. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí lè má yà ọ́ lẹ́nu. Ohun tó lè yà ọ́ lẹ́nu ni pé bọ́ọ̀lù kọ́ ló fà á. Họ́kì orí yìnyín ni, eré tí wọ́n ń wọ bàtà onírin sá lórí omi dídì, tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá róbà dúdú pẹlẹbẹ kan kiri. Ní àdúgbò wa, níbi tí omi tútù inú ọ̀rá kì í ti í pẹ́ kó tó gbóná mọ́ ẹni lọ́wọ́.

Ọmọbìnrin Alájì ló kó eré náà wọlé bá wa. Òun ló gbọ́ iṣẹ́ jù nínú gbogbo ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Alájì ní àṣà kan: fírísà tí wọ́n bá tún ṣe kì í padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín, àfi bí wọ́n bá ti gbé abọ́ omi kan sínú rẹ̀, tó sì sùn síbẹ̀. Láàárọ̀, wọ́n á gbé abọ́ náà jáde, wọ́n á fi ìka kan yìnyín inú rẹ̀, wọ́n á sì dẹtí sí i. Wọ́n ní yìnyín tó dì dénú ní ohùn tirẹ̀, èyí tó dì lójú lásán náà ní ohùn tirẹ̀, àti pé bí etí èèyàn bá là, yìnyín fúnra rẹ̀ á sọ fún un bóyá gáàsì ẹ̀rọ náà pé tàbí kò pé. Èmi kàn án títí, ohùn kan náà ni mo ń gbọ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn náà, bákan náà. Ọmọbìnrin yìí nìkan ló máa ń gbọ́ ọ. Alájì ti fọkàn sí i pé òun ni yóò gba ilé iṣẹ́ náà lọ́wọ́ àwọn. Àfi bó ṣe di pé ó rí ọ̀nà lọ sí Kánádà, tó sì jẹ́ pé nígbà tí ìrìn-àjò ku ọ̀la ló tó sọ fún bàbá rẹ̀, torí ẹ̀rù ń bà á. Alájì kò bú u. Wọ́n kàn ní, "Ó dára," wọ́n sì padà sídìí kọnpirésọ̀ tí wọ́n ń tú. Láti ọjọ́ náà, fún ọdún méjì gbáko, bí ó bá pè, wọn kì í gbé e. Nígbà tó yá, òun náà kò pè mọ́. Ọmọ bàbá rẹ̀ ni, agídí wọn kò yàtọ̀.

Èmi ló máa ń kọ̀wé sí lórí fóònù. Lọ́jọ́ kan, ó fi fídíò kan ránṣẹ́ láti ibi iṣẹ́ tuntun tó rí: gbọ̀ngàn ńlá kan tí gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ yìnyín, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń kọ́ họ́kì. Páìpù tò lábẹ́ ilẹ̀ náà bí ìlà inú ìwé, ẹ̀rọ tó ń mú un dì sì ga ju èèyàn lọ. Ó ní òun ni wọ́n gbà láti máa tọ́jú ẹ̀rọ náà. Mo gbé e lọ bá Alájì, mo ní, "Alájì, ẹ wá wo iṣẹ́ tí ọmọ yín ń ṣe." Wọ́n ní ọwọ́ àwọn dí. Mo fi fóònù sílẹ̀ lórí tábìlì wọn, mo lọ dá oníbàárà mi lóhùn. Nígbà tí mo padà dé, fídíò náà ti parí, Alájì sì ń wá ibi tí wọ́n máa tẹ̀ kó tún bẹ̀rẹ̀.

"Páìpù yẹn gùn," ni wọ́n sọ. 

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí sáà họ́kì ń parí lọ, tí àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá wọn bẹ̀rẹ̀ ìdíje ife, ọmọ náà ń gba eré kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ó ń fi í ránṣẹ́ sí mi, èmi ń fi fíláàṣì gbé e lọ sórí tẹlifíṣọ̀n Alájì. Ẹgbẹ́ méjì á pàdé léraléra, èyí tó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mẹrin ló ń tẹ̀ síwájú. Òru ni wọ́n ń gbá a ní aago tiwa, nítorí náà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì la máa ń wò ó, ní agogo mẹ́rin, bí Alájì bá ti kí ìrun Àlàsárì tán. Àwa mẹ́ta ni: Alájì, èmi, àti fọkanáísà tó ń lẹ táyà ní iwájú ilé. Orí òkú fírísà tí wọ́n dojú rẹ̀ dé la máa ń jókòó sí.

Òfin kan ṣoṣo ni Alájì ṣe. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ èsì kí agogo mẹ́rin tó lù, kò sì gbọ́dọ̀ fi ojú sọ ọ́. Nínú họ́kì, ẹni tó bá rú òfin á kúrò lórí pápá, á lọ jókòó nínú àhámọ́ fún ìṣẹ́jú méjì. Àhámọ́ tiwa ni táyà ńlá kan lẹ́bàá gọ́tà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni fọkanáísà jókòó síbẹ̀, torí ó lọ wo èsì lórí fóònù, ó wá ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ìdíje náà parí, ẹgbẹ́ méjì ló kù, àwọn aláṣọ búlúù àti àwọn aláṣọ pupa. Búlúù ni ẹgbẹ́ ìlú tí ọmọ Alájì ń gbé. Alájì mú pupa, mo sì lè sọ pé nítorí pé ọmọ wọn mú búlúù ni. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, wọ́n fẹ́ràn pupa tọkàntọkàn. Àwọn pupa kì í ṣe oge. Wọ́n á ju róbà síwájú, wọ́n á sáré tẹ̀ lé e, wọ́n á fi èjìká gbá ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ìdí rẹ̀ mọ́ ògiri, wọ́n á sì gbà á. Tàwọn búlúù yàtọ̀. Wọ́n á fún ẹni yìí, ẹni yìí á fún tọ̀hún, títí tí aṣọ́lé á fi wó lulẹ̀ síbi tí róbà ti kúrò. Lójú tèmi, ó dà bí ìrán ọwọ́: abẹ́rẹ́ á wọlé níbí, á yọ lọ́hùn-ún, okùn á sì fà tẹ̀ lé e. Èmi náà fẹ́ràn búlúù, ṣùgbọ́n orí fírísà Alájì ni mo ń jókòó sí, mo bá panu mọ́.

"Wọ́n ń pín róbà bíi sàráà," ni fọkanáísà máa ń sọ nípa wọn. "Ta ni yóò wá gbá a sílé?"

Ọmọ náà á kọ̀wé sí mi pé, "Àǹtí mi, ẹ bá mi sọ fún Bàbá pé ẹgbẹ́ wọn ò ní ọpọlọ, èjìká nìkan ni wọ́n ní." Mo jẹ́ iṣẹ́ náà. Alájì kò gbójú sókè kúrò nídìí iṣẹ́ wọn. "Sọ fún un pé èjìká la fi ń gbé fírísà. Kò sẹ́ni tó ń fi ọpọlọ gbé e." Mo tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Ó fi ẹ̀rín dáhùn. Lójoojúmọ́ ni mo ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, tí mo ń gbé ọ̀rọ̀ bọ̀, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fi mí ṣe afárá láàárín wọn.

Ẹgbẹ́ méjèèjì borí lẹ́ẹ̀mẹta-mẹ́ta. Eré kan ló kù, alẹ́ Sátidé ni wọ́n sì máa gbá a lọ́hùn-ún. Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọ̀rọ̀ kan dé láti ọ̀dọ̀ ọmọ náà: "Ẹ sọ fún Bàbá pé ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá pàdánù ni kó kọ́kọ́ pe ẹnì kejì."

Mo kà á fún Alájì. Wọ́n fẹ́ eruku kúrò lẹ́nu páìpù kan, wọ́n wò ó, wọ́n tún fẹ́ ẹ.

"Sọ fún un," ni wọ́n wí, "kó ti máa wá owó ìpè sórí fóònù rẹ̀."

Mo gbàdúrà lórí ọ̀rọ̀ yẹn ju bí mo ṣe gbàdúrà lórí ọ̀pọ̀ nǹkan tèmi lọ. Bí ọmọ bá pàdánù, tó sì pè, ta ló lè fọwọ́ sọ̀yà pé Alájì á gbé e? Ṣùgbọ́n bí Alájì bá pàdánù, wọ́n á pè, torí mi ò tíì rí i kí wọ́n ṣèlérí kí wọ́n yẹ̀ ẹ́. Orí búlúù ni mo gbàdúrà sí. Kí Ọlọ́run dárí jì mí bó bá burú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, eré náà ti wọlé sórí fóònù mi kí n tó jí. Ọ̀kan nínú àwọn fídíò náà ti gé kù rí kó tó dé òpin, tí inú Alájì bà jẹ́ fún odindi ọjọ́ méjì. Láti ìgbà náà, mo máa ń pa ohùn rẹ̀, mo máa ń fi ọwọ́ bo ojú rẹ̀, màá sì fà á dé ìparí, kí n kàn rí i pé ó pé. Lọ́jọ́ yẹn, ọwọ́ mi kò bò ó tán. Aṣọ búlúù ni mo rí, tí wọ́n ń dì mọ́ ara wọn lórí yìnyín. Wọ́n kọ èsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mẹ́ta sí méjì.

Mo wọṣọ, mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, inú mi ń dùn bíi ti ọmọdé. Nígbà tó kan ẹ̀rí jíjẹ́, mo dìde. Ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé kí n sọ pé Ọlọ́run ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan nínú ìdílé kan, kí n sì jókòó. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbohùngbohùn dé ọwọ́ mi, ohun tí ẹnu mi sọ ni pé, "Ẹ bá mi dúpẹ́, àwọn aláṣọ búlúù ti gba ife, mẹ́ta sí méjì, Alájì máa pe ọmọ wọn." Ìjọ dáhùn pé Halelúyà. Wọn kò mọ ohun tí mo ń sọ, ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé omi wà lójú mi, àwọn ìyá bá dìde jó. Ìgbà tí mo ń dá gbohùngbohùn padà ni mo gbọ́ ohùn tèmi tó ń padà bọ̀ láti òde. O mọ bí ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣe rí: ẹnu ẹ̀rọ tó wà lórí òrùlé kọjú sí títì. Ilé tó kọjú sí gan-an ni ilé iṣẹ́ Alájì, Alájì sì máa ń jókòó síwájú ilé iṣẹ́ wọn láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi.

Ilẹ̀kùn wà ní títì nígbà tí mo sáré débẹ̀ lẹ́yìn ìsìn. Fọkanáísà nìkan ló wà níta.

"Wọ́n gbọ́ ọ?" ni mo bi í.

"Àǹtí Télọ̀, àwọn tó wà ní Àgùdà gbọ́ ọ."

"Ṣé wọ́n bínú?"

"Wọ́n dìde, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n mú fìlà, wọ́n lọ. Wọn ò sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ń bínú á sọ̀rọ̀."

"Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

"Ọlọ́run ti dárí jì yín. Èmi ló kù."

Ní agogo mẹ́rin, Alájì dé láti mọ́ṣáláṣí, wọ́n ṣílẹ̀kùn. Mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìjọsìn mi. 

"Télọ̀, gbogbo Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ló gbọ́ pé mo pàdánù kí èmi tó gbọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Wọ́n tún patẹ́wọ́ sí i."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣé búlúù ni gbogbo ìjọ yín ń ṣe ni?"

"Wọn ò mọ̀ ọ́n, Alájì. Wọ́n kàn ń yin Ọlọ́run ni."

Fọkanáísà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èjìká rẹ̀ ń mì. Alájì kò rẹ́rìn-ín. "Lọ jókòó sórí táyà. Tìrẹ kọjá ti ìṣẹ́jú méjì, ìṣẹ́jú márùn-ún ni." Mo dìde, ṣùgbọ́n mi ò lè lọ láìbéèrè. "Ìlérí yín ńkọ́, Alájì?" Wọ́n ń ki fíláàṣì bọ tẹlifíṣọ̀n, wọn kò wojú mi. "Eré tí mo bá fi ojú ara mi wò ni mo ṣèlérí lé lórí. Èyí tí gbohùngbohùn wò, mi ò mọ̀ ọ́n." Ìṣẹ́jú márùn-ún tí mo lò lẹ́bàá gọ́tà yẹn gùn. Mo rò ó pé bí ọmọ náà bá béèrè lọ́wọ́ mi bóyá bàbá òun máa pè, kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Pé èmi ni mo bà á jẹ́?

A wo eré náà. Ó ṣàjèjì láti wo ohun tí a ti mọ òpin rẹ̀. Ariwo kò sí. Fọkanáísà kò dìde dúró, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé Alájì kò wo ibi tí góòlù wà. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Nígbà tó di abala kẹta, èyí tó kẹ́yìn, tí ìṣẹ́jú mẹ́jọ kù, tí pupa ṣì fi góòlù kan ṣíwájú, Alájì fà sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n.

"Yìnyín yẹn ti rọ̀," ni wọ́n wí. "Ẹ wo róbà. Kò yọ̀ mọ́. Ó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún."

Òótọ́ ni. Àwọn búlúù gbá a síra wọn bí àṣà wọn, ṣùgbọ́n róbà ń fò kọjá lórí ọ̀pá, bí abẹ́rẹ́ tó kan kókó. Nígbà náà ni wọ́n yí eré wọn padà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ju róbà síwájú, wọ́n ń sáré tẹ̀ lé e, wọ́n ń fi èjìká gbá àwọn pupa mọ́ ògiri.

"Ẹ wo olè," ni fọkanáísà wí. "Eré wa ni wọ́n ń gbá."

"Wọ́n mọ̀ pé yìnyín ti rọ̀," ni Alájì dá a lóhùn. Wọ́n nawọ́ sí mi láìwo ẹ̀yìn, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. "Télọ̀, bi í léèrè. Kí ló mú un rọ̀? Ṣé gáàsì ni, àbí ooru èrò?"

Mo mú fóònù, mo ti ń wá ibi tí mo máa tẹ̀ ẹ́ sí. Ọwọ́ mi bá dúró. Mi ò mọ ibi tí ìgboyà náà ti wá, àfi tó bá jẹ́ láti ọ̀run. Mo ní, "Alájì, ẹnu mi ti ṣiṣẹ́ tó lónìí. Ọ̀rọ̀ yìnyín, ẹ̀yin méjèèjì lẹ gbọ́ ọ. Ẹ fi ẹnu ara yín bi í."

Alájì yíjú sí mi. Wọ́n wo tẹlifíṣọ̀n. Ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ ìparí eré, Alájì kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wúkọ́. Ká ní wọn ò mọ èsì ni, ayé ì bá yí padà kí wọ́n tó dá eré náà dúró. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ ọ́n. Wọ́n mú rìmóòtù, wọ́n tẹ̀ ẹ́, gbogbo àwọn eléré náà dúró tẹsẹ̀tẹsẹ̀ lórí yìnyín.

"Eré ò tíì parí," ni wọ́n wí. "Kí ẹ̀yin méjèèjì ṣẹlẹ́rìí. Mi ò tíì pàdánù. Ọ̀rọ̀ yìnyín ni mo ń pè lé lórí."

"A gbọ́, Alájì," ni a dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo na fóònù mi sí wọn, wọn kò gbà á. Tiwọn ni wọ́n yọ lápò. Orí ni wọ́n ti tẹ nọ́ńbà náà, wọn kò wá a kiri. Ó dún lẹ́ẹ̀kan péré.

"Bàbá?"

"Yìnyín yẹn rọ̀," ni Alájì wí.

A gbọ́ tí ọmọ náà fa imú. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá. Èrò ló pọ̀ jù, ooru ara wọn. Àwa náà máa ń rí i níbí."

"Kí lẹ máa ń ṣe sí i?"

"A kì í da omi lé e púpọ̀. Tín-ín-rín tín-ín-rín la máa ń wọ́n ọn, ká jẹ́ kí ìkan dì ká tó wọ́n òmíràn."

"Bí mo ṣe kọ́ ẹ."

"Bí ẹ ṣe kọ́ mi, Bàbá."

Alájì dìde. Fírísà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe, abọ́ omi sì ti sùn sínú rẹ̀. Wọ́n gbé abọ́ náà jáde, wọ́n gbé fóònù sún mọ́ ọn, wọ́n fi ìka kan yìnyín náà lẹ́ẹ̀mẹta. 

"Àárín rẹ̀ ò tíì dì," ni ọmọ náà wí láti òkèèrè. "Gáàsì rẹ̀ ò pé. Ẹ má tíì gbé e fún ẹni tó ni ín."

Alájì jókòó sórí òkú fírísà, wọ́n fi fìlà bo ojú. Fọkanáísà fà mí lọ́wọ́, a jáde síta. A gbọ́ ohùn wọn láti inú ilé títí tí wọ́n fi pe ìrun Màgàríbì.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Mo ti kó ṣọ́ọ̀bù mi lọ sí Yaba, ọmọ náà sì ti wá sílé lẹ́ẹ̀kan, ó bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ti dúpẹ́ fún ọjọ́ yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì ti tọrọ àforíjì fún un pẹ̀lú, torí òfin wa ni, èmi ni mo sì rú u. Ṣùgbọ́n ohun tó kọ́ mi jù ni ti ìgbà tí mo panu mọ́. Ní gbogbo oṣù tí mo fi ń gbé ọ̀rọ̀ lọ gbé ọ̀rọ̀ bọ̀, afárá ni mo pe ara mi. Àṣé ògiri ni mí, ògiri tinrín tó ń sọ̀rọ̀, bíi ti àárín ṣọ́ọ̀bù wa. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ń gbúròó ara wọn láti ara mi, kò sí ohun tó máa mú ẹnikẹ́ni nínú wọn dìde wá wo ojú èkejì. Ní báyìí, bí ẹnì kan bá ní kí n bá òun sọ fún lágbájá, mo máa ń bá a gbàdúrà, màá sì ní kó pè é.

A kò wo ìṣẹ́jú mẹ́jọ tó kù yẹn títí di òní. Fọkanáísà ti bẹ̀ wọ́n títí, Alájì kò gbà. Bí ọmọ wọn bá pè, tó ń fi ife búlúù ṣe wọ́n ní yẹ̀yẹ́, Alájì á ní kó fara balẹ̀, pé pupa ló ṣì ń ṣíwájú níbi tí àwọn dé.